Ta Ni Aláìníṣẹ́? Ọ̀rọ̀ Nípa Ìyá Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Padà Sí Ilé Ẹ̀kọ́

Ní oṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sísè tàbí aṣọ ọmọ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ kan ni tí ó ń gbé inú ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ kì í sọ jáde, pàápàá bí àlejò bá wà nílé. Báwo ni obìnrin tí ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí ó ti bímọ, tí kò sì ní iṣẹ́ olówó oṣù kankan, ṣe lè padà sí ẹ̀kọ́? Kí sì ni ìjọba ní fún un?

Bí ẹ bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ní òwúrọ̀, ẹ ó rí èéfín tí ó ń rú lórí omi ọ̀sà ní apá Yaba. Makoko nìyẹn. Àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìlàjẹ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti Àgbádárìgì wá, àwọn mìíràn sì wá láti ìhà Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Àwọn ọkùnrin a máa pa ẹja, àwọn obìnrin a sì máa yan án, wọn a máa gbé e lọ sí ọjà. Láti orí omi yìí kan náà, bí ènìyàn bá na ojú, yóò rí ilé Yunifásítì Èkó ní Akoka, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Yaba, tí a dá sílẹ̀ ní 1947, kò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Queen's College tí ó ti wà láti 1927. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí ibi tí ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ létí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ráyè wọ inú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyàwó ilé kan níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ka ìwé dé ọdún kejì ní ìpele àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó lóyún, ìwé sì dúró níbẹ̀. Ó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń dúró de ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ láti gba ẹja. Yóò fọ̀ ọ́, yóò tò ó sórí ààrò, yóò máa kó igi sí i, yóò sì máa yí i padà títí tí oòrùn yóò fi gun òkè. Bí ẹja bá pọ̀, yóò rí owó. Bí omi kò bá fún wọn ní nǹkan, kò ní rí nǹkan kan. Bí a bá bi í pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, yóò ní, "Mo wà nílé." Ó ń fẹ́ parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ kí ó lè di nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́. Àlá yìí kò ga jù. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ní Mushin, ní Bàríga àti ní ilé ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ṣé aláìníṣẹ́ ni obìnrin yìí?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Àjọ tí ó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa, èyí tí a ń pè ní NBS, gbé iye tuntun jáde. Ní ìparí ọdún 2020, àjọ yìí kan náà ti sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń wá iṣẹ́, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó 33.3. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, iye náà wálẹ̀ di 4.1. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ṣàdédé pọ̀ nígboro o. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà kan, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìníṣẹ́. Ní ti òṣùwọ̀n tuntun, ẹni tí ó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó tàbí ti èrè láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti kúrò lára wọn. Àjọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ láyé, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí fún ìyàwó wa ní Makoko. Ó yan ẹja ní ọjọ́ Ajé, nítorí náà ó ti níṣẹ́. Bí a bá sì wá ń ṣe ètò fún àwọn aláìníṣẹ́, a kò ní rántí rẹ̀, nítorí pé kò sí nínú iye tí a kà.

Nǹkan kejì ni ọjọ́ orí àti ìwé ẹ̀rí. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí a pè ní N-Power. Àwọn tí wọ́n ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n rí ètò náà wọ̀ ń gba 30,000 náírà lóṣooṣù. Ètò náà ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́, èmi kò sì ní bú u. Ìjọba dá a dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà láàárín ọdún 18 sí 35 nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀, owó tí ó nípọn níbẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ti kàwé jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ọdún wo ni obìnrin máa ń bímọ? Ọdún tí ọkùnrin fi ń wá ìwé ẹ̀rí kiri, òun náà ni obìnrin fi ń pọn ọmọ sẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ àbígbẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, tí ìyá rẹ̀ sì ráyè gbé ojú sókè, ó lè ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹni tí ó fa ìlà sí ọdún 35 lè má ní ìyá ọmọ lọ́kàn rárá. Síbẹ̀, ìlà náà ti ya ìyá ọmọ sọ́tọ̀.

Nǹkan kẹta, tí ó sì ń mú ènìyàn padà sílé jù lọ, ni ìwé àti onídùúró. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ ní ọ́fíìsì tí a ti ń gba fọ́ọ̀mù ìkọ́ṣẹ́:

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ìwé ẹ̀rí wo ni ẹ ní?"

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Mo ka ìwé dé SS 2."

"Ẹ ní NIN?"

"N kò tíì ṣe é, sà."

"Ìwé ọjọ́ ìbí ńkọ́? Nọ́ńbà báńkì? Ta ni yóò dúró fún yín?"

Obìnrin náà yóò ní òun ń bọ̀. Kò ní padà wá. Akọ̀wé náà kò bú u, kò sì béèrè rìbá lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni ó jẹ́. Nítorí náà ni n kò ṣe fara mọ́ àwọn tí ó máa ń sọ pé àwọn obìnrin orí omi kò fẹ́ ìwé. Ó tún yẹ kí a rántí pé ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba fún àwọn ará etí omi Makoko ní wákàtí 72 kí wọ́n kó ẹrù wọn, lẹ́yìn náà ni a rán àwọn ènìyàn wá láti wó ilé. Ta ni yóò dá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí èyí lẹ́bi, bí ó bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìjọba fẹ́ fi orúkọ òun ṣe?

Òfin owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára láti yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé ó fi ọ̀nà méjèèjì hàn wá, bí a ṣe ń ti ìlẹ̀kùn àti bí a ṣe ń ṣí i. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí ìjọba máa yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó láìgba èlé. Ohun dáradára ni. Àmọ́ òfin ti ọdún náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú onídùúró wá: òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti dé ìpele kejìlá, tàbí agbẹjọ́rò tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Ta ni ìyàwó apẹja mọ̀ ní ìpele kejìlá? Òfin náà tún ní ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá ju 500,000 náírà lọ́dún kò lè gbà á, èyí tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tálákà kò rí onídùúró, ọmọ ẹni tí ó ń gba owó oṣù díẹ̀ kò sì yẹ. Àwọn ènìyàn pariwo. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, a sì yọ onídùúró àti òdiwọ̀n owó ilé náà kúrò. Kò tíì pé ọdún kan! Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí a ti kọ fọ́ọ̀mù ìjọba kò ṣeé tún kọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni owó yìí wà fún jù lọ. Ẹni tí ó dúró ní SS 2 kò tíì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó náà a máa san owó ìdánwò WAEC fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Ní 2024, ó san án fún àwọn tí ó ju 50,000 lọ. Owó iyebíye ni, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó lóyún ní SS 2, tí ó wá fẹ́ ṣe ìdánwò náà láti ilé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ni yóò fi owó ẹja san tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kò lóyún ni, ìjọba ìbá ti san án. Owó kan náà, ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà. Kí ni ó fà á tí ẹ̀tọ́ náà fi jábọ́ lọ́nà?

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ni ó máa ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà, wọn a sì rò pé wọ́n ti parí iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó ń jẹun láti ọwọ́ dé ẹnu. Bí ìyàwó wa bá fi òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ jókòó ní kíláàsì, ẹja òwúrọ̀ mẹ́ta ni kò ní yan. Ta ni yóò tọ́jú ọmọ ọwọ́? Kí ni àwọn tí ó kù yóò jẹ lálẹ́? Yorùbá ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rò nípa ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù: kí owó díẹ̀ wà tí yóò dípò èrè ọjọ́ tí ìyá bá fi kàwé, kí kíláàsì wà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ààrò bá ti tutù, kí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ sì wà ní yàrá kejì. Láìsí èyí, àwọn tí ọkọ wọn lówó nìkan ni yóò máa jẹ àǹfààní ọ̀fẹ́ náà.

A kò fi èyí tọrọ ohun tí a kò rí rí. Ní orílẹ̀-èdè Ireland, ìjọba ní owó kan tí ó máa ń fún aláìníṣẹ́ tí ó bá padà sí ilé ẹ̀kọ́, kí ó lè rí ohun jẹ nígbà tí ó bá ń kàwé. Kò kù síbi kan tí kì í ní àléébù o. Níbẹ̀ náà, ẹni tí ó fẹ́ gba owó yìí gbọ́dọ̀ ti wà lára àwọn tí ó ń gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún oṣù bíi mélòó kan ṣáájú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kì í sábà rí i gbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti Makoko: kí a tó ran ènìyàn lọ́wọ́, ó ní láti kọ́kọ́ wà nínú ìwé.

Kí ni òfin tiwa sọ? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala kejìdínlógún, sọ pé ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Abala kẹrìndínlógún tilẹ̀ dárúkọ owó ìrànlọ́wọ́ fún aláìníṣẹ́ lára ohun tí ìjọba yẹ kí ó máa lépa fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹnu lè yà yín láti gbọ́ pé ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n abala kẹfà kò gba ènìyàn láàyè láti fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ̀nyí pe ìjọba lẹ́jọ́ ní kóòtù. Ìlérí ni wọ́n, kì í ṣe gbèsè. Nítorí náà, ẹnu aṣòfin àti ẹnu káńsẹ́lọ̀ ni ó yẹ kí a gbé wọn lọ. Èyí tí ó lágbára jù wọ́n lọ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003. Ó ní ọmọbìnrin tí ó bá lóyún kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti máa bá a lọ lẹ́yìn tí ó bá bímọ, gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní 2007. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin náà wà fún, kò sì kan ìyàwó wa mọ́. Ṣùgbọ́n bí àbúrò yín tàbí ọmọ ọmọnìkejì yín bá lóyún nílé ẹ̀kọ́, kí ẹ rántí rẹ̀ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó sọ pé kí ó má padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ọwọ́ wa tó báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ gba NIN, nítorí pé fọ́ọ̀mù ìjọba tí kò béèrè rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ọjọ́ tí a bí yín, kí ẹ sì dá a lójú, nítorí pé bí ọjọ́ ìbí bá ṣì wọ inú rẹ̀, owó gọbọi ni ẹ ó fi tún un ṣe. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ yín ni kí ẹ fún wọn. Bí ẹ bá fún wọn ní orúkọ ọkọ, tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ sì ń jẹ́ orúkọ bàbá, wàhálà ni yóò dà lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí kò bá ní ìwé ọjọ́ ìbí lè lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn láti gba ìwé tí ó jẹ́rìí sí i.

Àwọn tí a bí ní ìhà Àjàṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yín kò burú tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Abala kẹrìndínlọ́gbọ̀n nínú ìwé òfin gbà kí obìnrin tí ó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà béèrè pé kí a forúkọ òun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ tí ẹ bí fún un sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti inú wá, ibi yòówù kí ẹ bí i sí.

Ẹni tí kò mọ̀wé rárá, tàbí tí ó ti gbàgbé, kí ó béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí kíláàsì àgbà ti Àjọ LASAME wà ní àdúgbò rẹ̀ àti aago tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Bí aago náà kò bá bá iṣẹ́ yín mu, ẹ má ṣe dákẹ́. Kí obìnrin mẹ́wàá tàbí méjìlá láti ọ̀nà omi kan náà jọ lọ, kí wọ́n sì sọ aago tí ó rọrùn fún wọn. Káńsẹ́lọ̀ lè fi ọwọ́ rọ́ obìnrin kan tì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n obìnrin méjìlá tí wọ́n ní káàdì ìdìbò jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ bi í pẹ̀lú pé kí ló dé tí ìpínlẹ̀ kò fi san owó ìdánwò fún ìyá tí ó ń ṣe é láti ilé.

Fún ẹni tí ó bá ti ní krẹ́díìtì márùn-ún tí kò sì lè fi ilé sílẹ̀, National Open University wà. A dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, a sì tún ṣí i ní 2002. Kò béèrè ìdánwò JAMB, ènìyàn sì lè máa kàwé láti ilé. Owó wà nínú rẹ̀ o, ẹ bèèrè gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti bàálé, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un títí di ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àkókò tí ó ti jẹun, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, kí ẹ ṣírò fún un: iye tí yóò lọ lórí ẹja tí ẹ kò yan, ẹni tí yóò mú ọmọ, oṣù tí yóò gbà. Ọkùnrin púpọ̀ kò kọ̀ pé kí ìyàwó àwọn kàwé. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ohun tí a kò ṣírò fún wọn. Bí ìyá ọkọ bá wà nítòsí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ṣeé ṣe jù pé kí ó máa mú ọmọ dání ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá wà ní kíláàsì.